Rélùwéè láàárín ìlú Yúróòpù fún èèyàn méjì láti Òṣogbo: páàsì ni àbí tíkẹ́ẹ̀tì ẹyọ kọ̀ọ̀kan?

Àbẹ̀ní Òkè-Baálẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ lọ rin àwọn ìlú kan ní Yúróòpù nínú oṣù kẹsàn-án ọdún tó ń bọ̀, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun bá ti kọjá. Òṣogbo níbí làwa méjèèjì ń gbé. Báàgì ẹ̀yìn la fẹ́ gbé, rélùwéè la sì fẹ́ máa wọ̀ láti ìlú kan dé èkejì. A fẹ́ balẹ̀ ní 10 Oṣù Kẹsàn-án, ká kúrò níbẹ̀ ní 30. Àwọn ìlú tó wà lọ́kàn wa ni Amsterdam, Brussels, Paris, Cologne, Berlin, Prague, Vienna, Venice àti Róòmù.

Ọmọ ọdún 26 ni mí, ọ̀rẹ́ mi jẹ́ ọmọ ọdún 29. Pásípọ́ọ̀tù tèmi ṣì ní ọdún méjì àti ààbọ̀ nílẹ̀. Tirẹ̀ máa parí ní 15 Oṣù Kejìlá ọdún tí a fẹ́ lọ yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ béèrè: ṣé ká ra páàsì rélùwéè (ìwé kan ṣoṣo tí èèyàn ń fi wọ ọ̀pọ̀ ọkọ̀) ni, àbí ká máa ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan? Nínú gbogbo orílẹ̀-èdè tí a máa gbà kọjá yìí, ta la máa tọrọ físà lọ́wọ́ rẹ̀? Báàgì wo ló tó? Báwo sì ni èèyàn méjì ṣe ń ṣe owó kí ó má di ìjà lójú ọ̀nà? Ẹ ṣeun o.

Alágbàlá Òkè-Fíà

Àǹtí Àbẹ̀ní, ẹ kú ètò. Kí ẹ tó dé orí ọ̀rọ̀ páàsì, nǹkan méjì wà níwájú rẹ̀: pásípọ́ọ̀tù ọ̀rẹ́ yín, àti iye alẹ́ tí ẹ máa sùn ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan.

Pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ yẹn kò ní gba físà. Òfin Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí wọ́n jọ ń lo físà kan, ni pé pásípọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù mẹ́ta nílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa jáde kúrò lọ́dọ̀ wọn, kò gbọ́dọ̀ tíì ju ọdún mẹ́wàá lọ tí wọ́n ti ṣe é, ojú ewé méjì ó kéré tán sì gbọ́dọ̀ ṣófo nínú rẹ̀. Ẹ ka oṣù mẹ́ta láti 30 Oṣù Kẹsàn-án, ó di 30 Oṣù Kejìlá. Tirẹ̀ parí ní 15. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló fi kùnà, àmọ́ ọ̀sẹ̀ méjì yẹn tó láti fi dá ìwé rẹ̀ padà. Kó lọ ṣe tuntun ní ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n níbí báyìí, kó má dúró. Láti 1 Oṣù Kẹsàn-án 2025, ₦100,000 ni olójú ewé 32 ọlọ́dún márùn-ún, ₦200,000 ni olójú ewé 64 ọlọ́dún mẹ́wàá. Kó kọ́kọ́ wo NIN rẹ̀ dáadáa: tí lẹ́tà kan bá yàtọ̀ nínú orúkọ tàbí tí ọjọ́ ìbí kò bá bá ara mu, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ máa há sí, àtúnṣe NIN sì lè jẹ́ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Ó kan físà. Físà Schengen kan ṣoṣo ló máa gbé yín wọ gbogbo ìlú tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tí ẹ máa pẹ́ sí jù lẹ máa tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Tí méjì bá dọ́gba, èyí tí ẹ kọ́kọ́ máa wọ̀ ni. Ẹ má jẹ́ kó dọ́gba rárá, torí ibi tó bá ti dọ́gba ni òṣìṣẹ́ tó ń gba ìwé ti máa ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ èèyàn. Ìlú mẹ́sàn-án ti pọ̀ jù láti sùn sí láàárín ogún alẹ́. Bí mo ṣe máa tò ó nìyí: Amsterdam alẹ́ 2, Paris 4, Berlin 3, Prague 3, Vienna 2, alẹ́ 1 nínú rélùwéè láti Vienna sí Venice, Venice 1, Róòmù 4. Ogún pé. Ítálì ní 5, Faransé ní 4, àwọn yòókù kò ju 3 lọ. Ítálì lẹ máa tọrọ físà lọ́wọ́ wọn, ẹ̀yin méjèèjì. Kí ẹnì kan má lọ kọ Faransé nítorí pé ó gbọ́ pé tiwọn máa ń yá, nígbà tí ìwé òtẹ́ẹ̀lì tó so mọ́ ọn ń sọ pé Ítálì ló máa pẹ́ sí. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ̀.

Ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ láti ìgbà tó bá ku oṣù mẹ́fà, ọjọ́ tó kù kò sì gbọ́dọ̀ dín sí 15. Fún 10 Oṣù Kẹsàn-án, ọ̀nà ṣí ní 10 Oṣù Kẹta. Ẹ lọ nínú oṣù kẹta tàbí ìkẹrin. Owó físà jẹ́ €90 fún àgbàlagbà láti 11 Oṣù Kẹfà 2024, owó ilé iṣẹ́ tó ń bá wọn gba ìwé wà lọ́tọ̀. Ọjọ́ 15 ni wọ́n fi ń dáhùn, ó sì lè fà dé 45. Ẹ fúnra yín lẹ máa lọ tẹ ìka ní Èkó tàbí Àbújá, torí náà ẹ gba déètì kan náà kí ẹ lè jọ lọ. Ìwé ìdáàbòbò ìlera gbọ́dọ̀ tó €30,000, kó kárí gbogbo Schengen, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ máa wọlé títí di ọjọ́ tí ẹ máa jáde.

Nǹkan mẹ́ta ló máa ń ba ti àwọn ọ̀rẹ́ méjì jẹ́. Èkínní, wọ́n á fi orúkọ ẹnì kan ṣoṣo gba yàrá. Orúkọ yín méjèèjì ni kó wà lórí ìwé òtẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹnì kejì kò ní ibùsùn lójú tiwọn. Èkejì, owó òjijì: kí báǹkì wà ní ₦80,000 fún oṣù márùn-ún, kí mílíọ̀nù mẹ́ta ṣàdédé wọlé lọ́sẹ̀ tí ẹ fẹ́ tẹ ìwé báǹkì jáde. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Tó bá jẹ́ pé ẹ ta nǹkan tàbí ẹ gba àjọ, ẹ so ẹ̀rí rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀kẹta, wọ́n á ra tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ṣeé dá padà kí físà tó jáde. Yàrá tí ẹ lè fagi lé lọ́fẹ̀ẹ́ ni kí ẹ gbà, kí ìwé ọkọ̀ òfuurufú náà sì jẹ́ èyí tí wọ́n kàn dì mú fún yín.

Ọkọ̀ òfuurufú: ẹ ra èyí tó balẹ̀ ní ìlú kan tó sì gbéra láti ìlú mìíràn. Tí ẹ bá ra àlọ-àbọ̀ Amsterdam, ẹ ní láti ti Róòmù padà gòkè lọ, odindi ọjọ́ kan àti owó rélùwéè kan ti ṣòfò.

Ọmọ Tẹ́ṣàn

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n Alágbàlá lórí físà péye. Ìlú tí ẹ máa kọ́kọ́ wọ̀ nìkan ni màá yí padà, torí rélùwéè ni.

Ẹ balẹ̀ sí Paris, kì í ṣe Amsterdam. Ìdí rẹ̀ nìyí. Tí ẹ bá ti Amsterdam lọ Paris, kí ẹ tún ti Paris lọ Cologne, Eurostar, rélùwéè asáré kan, lẹ máa wọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, òun sì ni ọkọ̀ tó ń gba owó ìjókòó (owó tí wọ́n fi ń ya ìjókòó sọ́tọ̀) jù lọ́wọ́ ẹni tó ní páàsì. Tó bá jẹ́ Paris lẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa wọ̀ ọ́, láti tẹ́ṣàn Gare du Nord sí Brussels, nǹkan bíi wákàtí kan àti ààbọ̀. Ẹ kó báàgì sínú àpótí alágádágodo ní tẹ́ṣàn Brussels, ẹ lọ wo Grand-Place, gbàgede ńlá àárín ìlú náà, ẹ padà wá wọ rélùwéè Eurocity lọ Amsterdam nírọ̀lẹ́. Eurocity kò fi dandan gba owó ìjókòó. Láti Amsterdam, ICE, rélùwéè asáré àwọn Jámánì, ń lọ tààrà sí Cologne, kò tó wákàtí mẹ́ta, òun náà kò ní owó ìjókòó dandan. Ilé ìjọsìn ńlá Cologne wà lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ṣàn gan-an. Bí ẹ bá ṣe ń jáde ló máa dúró síwájú yín. Àtẹ̀gùn 533 ló gòkè ilé ìṣọ́ rẹ̀, nítorí náà ẹ fi báàgì sílẹ̀ ní tẹ́ṣàn kí ẹ tó gbìyànjú rẹ̀. Wákàtí mẹ́ta tó níbẹ̀, lẹ́yìn náà ICE mìíràn sí Berlin, wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀. Báyìí, ẹ ti rí Brussels àti Cologne láìsan owó yàrá níbẹ̀, Ítálì ṣì ní alẹ́ 5, ìwé físà yín kò yí padà.

Ọ̀rọ̀ páàsì wá kàn. Ẹ ó gbọ́ orúkọ méjì. Interrail wà fún ẹni tó ń gbé ní Yúróòpù. Eurail ni tiwa. Orílẹ̀-èdè 33 ni Eurail Global Pass ń gbé èèyàn wọ̀. Ẹ lè ra ọlọ́jọ́ 4, 5 tàbí 7 tí ẹ máa lò láàárín oṣù kan, tàbí 10 àti 15 láàárín oṣù méjì. Èyí tí wọ́n ń lò léraléra lójoojúmọ́ kò bá irú ìrìnàjò yín mu. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ 26 máa san owó ọ̀dọ́, torí owó ọ̀dọ́ dé ọdún 27, ọjọ́ tí páàsì bá bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ka ọjọ́ orí. Ọ̀rẹ́ yín máa san owó àgbàlagbà. Ẹ ti mọ̀ báyìí pé owó tiyín àti tirẹ̀ kò ní dọ́gba.

Ẹ ka ọjọ́ rélùwéè yín: Paris sí Amsterdam, Amsterdam sí Berlin, Berlin sí Prague, Prague sí Vienna, Vienna sí Venice lóru, Venice sí Róòmù. Ọjọ́ mẹ́fà. Páàsì ọlọ́jọ́ mẹ́fà kò sí. Ẹ ra ọlọ́jọ́ 5, kí ẹ fi owó ra ti Paris sí Amsterdam lọ́tọ̀, torí ibẹ̀ náà ni Eurostar wà. Ọjọ́ kan bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀gànjọ́ òru sí 23:59, ẹ sì lè wọ iye ọkọ̀ tó bá wù yín nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Amsterdam, Cologne àti Berlin fi jẹ́ ọjọ́ kan. Rélùwéè òru ń jẹ ọjọ́ tí ẹ bá wọ̀ ọ́ nìkan, bí ẹ kò bá ti pààrọ̀ ọkọ̀ lẹ́yìn ọ̀gànjọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í kà ni pé páàsì kì í ṣe ìjókòó. Ní Jámánì, Ọ́síríà, Ṣẹ́ẹ̀kì àti Nẹ́dálándì, ẹ lè fi páàsì wọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ láìsan kọ́bọ̀ mọ́. Ní Faransé lórí TGV, ní Ítálì lórí Frecciarossa (rélùwéè asáré tiwọn ni méjèèjì), lórí Eurostar àti gbogbo rélùwéè òru, ẹ gbọ́dọ̀ san owó ìjókòó mọ́ ọn, iye ìjókòó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn onípáàsì lórí Eurostar àti TGV sì máa ń tán kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ tó kún. Ọkọ̀ Italo ní Ítálì àti Ouigo ní Faransé kò gba páàsì rárá.

Ṣé páàsì wá dára àbí kò dára? Ọjọ́ tí físà yín bá jáde ló máa dáhùn. Tíkẹ́ẹ̀tì ẹyọ kọ̀ọ̀kan dà bí ti bàálù: wọ́n máa ń ṣí títà rẹ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú, èyí tí owó rẹ̀ kéré máa ń tán, iye tó kù sì ń gòkè bí ọjọ́ ṣe ń sún mọ́lé. Páàsì kò rí bẹ́ẹ̀. Owó rẹ̀ kì í gòkè nítorí pé ọjọ́ ìrìnàjò ń sún mọ́lé. Nítorí náà, tí físà bá bọ́ sí yín lọ́wọ́ nínú oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, torí déètì yín ti wà nínú ìwé físà tẹ́lẹ̀, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ fi òmìnira páàsì ṣe. Tó bá jẹ́ pé ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n tó dá pásípọ́ọ̀tù padà, ẹ ra páàsì. Kí ẹ má bàa fojú dá a, ẹ ṣí ojú òpó ilé iṣẹ́ rélùwéè kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tí físà bá jáde (Eurostar, Deutsche Bahn, České dráhy, ÖBB, Trenitalia), ẹ kọ iye owó ọjọ́ yín gan-an sílẹ̀, ẹ rò ó pọ̀. Ẹ rò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ páàsì pẹ̀lú owó ìjókòó, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọlọ́dún 26 ra páàsì kí ọlọ́dún 29 ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣì lè jọ jókòó nínú ọkọ̀ kan náà.

Tí ẹ bá ra páàsì, inú fóònù ló ń wà, nínú áàpù Rail Planner. Ẹ máa fi orúkọ ìdílé àti nọ́ńbà páàsì so ó mọ́ áàpù, ẹ ó mú un ṣiṣẹ́, ẹ ó yan ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ mú un ṣiṣẹ́ kó tó pé oṣù 11 tí ẹ rà á. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ wá ọkọ̀ náà nínú áàpù, ẹ fi sínú ìrìnàjò yín, ẹ tan bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè wọ orí páàsì. Tí onítíkẹ́ẹ̀tì bá dé tí ọkọ̀ náà kò sí lórí páàsì, ẹni tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì lẹ jẹ́, owó ìtanràn ni. Ó máa ń béèrè pásípọ́ọ̀tù pẹ̀lú. Fóònù méjì, páàsì méjì. Páàsì yín kò lè wà lórí fóònù ọ̀rẹ́ yín lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ọ̀rọ̀ iná fóònù kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ìyá Àlàké

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ káàbọ̀. Wọ́n ti sọ ti ìwé tán, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹrù.

Báàgì lítà 40 tó fún yín. Kó má ju kílò mẹ́wàá lọ tó bá kún. Rélùwéè kì í wọn ẹrù, òótọ́ ni, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa gbé e sókè sórí àjà ọkọ̀, ẹ̀yin lẹ máa gbé e gun àtẹ̀gùn. Ní Venice, afárá alátẹ̀gùn ló pọ̀ jù. Ẹni tó bá fa báàgì onítáyà wá, á kàn máa gbé e lọ́wọ́ ni.

Kì í ṣe èjìká ló ń gbé báàgì ẹ̀yìn, ìbàdí ni, ọ̀pọ̀ sì ń dè é lódì. Ẹ tú gbogbo okùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó gbé e kọ́. Ẹ kọ́kọ́ di bẹ́líìtì ìbàdí, kí àárín rẹ̀ jókòó lórí egungun ìbàdí gan-an, kó má wà lórí ikùn. Ẹ fún un. Ìgbà náà ni kí ẹ wá fa okùn èjìká títí á fi kan ara, kó má fúnpọ̀. Lẹ́yìn náà, okùn àyà. Okùn kékeré tó wà lókè èjìká lẹ máa fà kẹ́yìn, kó fi orí báàgì sún mọ́ ẹ̀yìn yín. Tí ẹ bá ti ọwọ́ bọ abẹ́ okùn èjìká tí ọwọ́ wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ìbàdí ti gba ẹrù nìyẹn. Nínú báàgì, ohun tó wúwo ni kó sún mọ́ ẹ̀yìn ní àárín, aṣọ fúyẹ́ nísàlẹ̀ àti níta. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ẹ dì í tán bí ẹni tó ń lọ, ẹ gbé e láti Òkè-Fíà dé Ọlaíyá kí ẹ sì padà. Ohun tó bá ń gún yín ní ẹ̀yìn á fara hàn.

Aṣọ: ẹ̀wù mẹ́rin, ṣòkòtò méjì, àwọ̀tẹ́lẹ̀ mẹ́fà, súwẹ́tà kan, jákẹ́ẹ̀tì òjò kan, bàtà ìrìn kan tí ẹ ti wọ̀ nílé fún oṣù kan ó kéré tán, sílípáàsì ilé ìwẹ̀. Bàtà tuntun á bó yín lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Berlin àti Prague máa ń tutù lálẹ́ nínú oṣù kẹsàn-án, torí náà súwẹ́tà kì í ṣe àfikún. Ẹ fọ aṣọ ní ọjọ́ kẹfà kẹfà. Ágádágodo kékeré kọ̀ọ̀kan fún àpótí inú họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ọ̀pọ̀ wọn ní àpótí, wọn kì í ní ágádágodo.

Iná wọn jẹ́ 230 bíi tiwa, ẹ kò nílò ẹ̀rọ tó ń yí iná padà. Ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì ló yàtọ̀: oníhò roboto méjì ni tiwọn, oníhò igun mẹ́rin mẹ́ta ni tiwa. Ẹ ra olùsopọ̀ rẹ̀ méjì kí ẹ tó kúrò nílé. Pawa báǹkì 20,000 mAh kò ní wàhálà nínú bàálù, inú báàgì ọwọ́ ló gbọ́dọ̀ wà.

Oúnjẹ ńkọ́? Ẹ má kó ẹran kankan wọ Yúróòpù. Ẹran gbígbẹ, kílíṣí, pọ̀nmọ́, wàrà àti wàràkàṣì, òfin wọn kò gbà á láti ìta, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfuurufú. Ẹja gbígbẹ tí wọ́n ti yọ inú rẹ̀ ni wọ́n gbà. Ẹ gbé gàrí àti ata gígún dání, ẹ ra búrẹ́dì, ẹyin àti èso ní ṣọ́ọ̀bù Lidl tàbí Aldi. Ní Jámánì, ṣọ́ọ̀bù ń tì lọ́jọ́ Àìkú. Èyí tó wà nínú tẹ́ṣàn ńlá ló máa ń ṣí.

Ní ti owó, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe é. Ẹ dá àpò kan sílẹ̀ fún ohun tí ẹ jọ ń jẹ: yàrá, oúnjẹ tí ẹ jọ sè, ọkọ̀ inú ìlú. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan dá iye kan náà sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní àti lọ́jọ́ kọkànlá, kí ẹnì kan máa san án, kí ẹnì kejì máa kọ ọ́ sílẹ̀ lálaalẹ́. Owó rélùwéè, ẹ̀bùn àti ilé tí ẹnì kan fẹ́ wọ̀ tí ẹnì kejì kò fẹ́, kó má kan àpò yẹn. Kí káàdì báǹkì yín má jẹ́ ti báǹkì kan náà, torí ọjọ́ tí ọ̀kan bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, èkejì á gbà yín. Káàdì àkáǹtì dọ́là tàbí yúrò ló fọkàn balẹ̀ jù. Ẹ sì kó ẹyọ owó yúrò díẹ̀ sápò nígbà gbogbo, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tẹ́ṣàn ń gbowó.

Àbẹ̀ní Òkè-Baálẹ̀

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ̀gbọ́n, Màmá àti Ọmọ Tẹ́ṣàn. Ọ̀rẹ́ mi ti lọ wo NIN rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ìbéèrè méjì ló kù. Ọ̀kan ni pé báwo la ṣe máa mọ ibi tí a máa dúró sí nínú tẹ́ṣàn tó tóbi bẹ́ẹ̀, torí àwa méjèèjì kò tíì wọ rélùwéè rí. Èkejì, tí ọkọ̀ bá gbé ẹnì kan lọ tó sì fi ẹnì kejì sílẹ̀ ńkọ́?

Ọmọ Tẹ́ṣàn

Ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ tẹ ìka l'Ékòó, ẹ wọ mọ́tò dé Ìbàdàn, kí ẹ wọ rélùwéè tuntun láti Mọ́níyà dé Èbúté-Mẹ́ta. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní nọ́ńbà kóòṣì àti nọ́ńbà ìjókòó. Ẹ fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń wá kóòṣì, nǹkan kan náà ni lọ́hùn-ún.

Ní tẹ́ṣàn tiwọn, pátákó ńlá kan wà tó ń kọ aago, nọ́ńbà ọkọ̀, ibi tí ọkọ̀ ń lọ àti nọ́ńbà pèpéle tí ọkọ̀ máa dúró sí. Nọ́ńbà ọkọ̀ ni kí ẹ máa wá, ẹ má wá orúkọ ìlú. Orúkọ ìlú yín lè máà sí níbẹ̀ rárá, torí ibi tí ọkọ̀ parí sí ni wọ́n ń kọ gàdàgbà. Orúkọ náà sì máa ń yí padà: Köln ni Cologne, Praha ni Prague, Wien ni Vienna, Venezia ni Venice, Roma ni Róòmù. Brussels ní orúkọ méjì méjì. Bruxelles-Midi àti Brussel-Zuid, tẹ́ṣàn kan náà ni. Ní Venice, tẹ́ṣàn méjì ló wà, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan: Mestre wà lórí ilẹ̀, Santa Lucia wà lórí omi, lẹ́yìn afárá. Òtẹ́ẹ̀lì Mestre máa ń dínwó, àmọ́ ẹ wo èyí tí ẹ gbà kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀.

Ní Jámánì, wọ́n pín pèpéle sí A, B, C lọ bẹ́ẹ̀, pátákó sì ń sọ ibi tí kóòṣì yín máa dúró sí. Ẹ lọ dúró síbẹ̀ ṣáájú. Àwọn ICE kan jẹ́ ọkọ̀ méjì tí wọ́n so pọ̀, wọ́n á yà lójú ọ̀nà, iwájú á lọ síbì kan, ẹ̀yìn á lọ síbòmíràn. Ẹni tó bá kàn wọ ẹnu ọ̀nà tó sún mọ́ ọn lè bá ara rẹ̀ ní ìlú mìíràn. Ẹ wo ojú pátákó kékeré tó wà lára kóòṣì kí ẹ tó wọlé, ìlú tí kóòṣì yẹn ń lọ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wọ́n sì máa ń yí pèpéle padà nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ tún wo pátákó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí àkókò. TGV ń ti ìlẹ̀kùn ní ìṣẹ́jú méjì ṣáájú àkókò, kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Láti Berlin sí Prague, ẹ jókòó sápá òsì bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Lẹ́yìn Dresden, ojú irin ń bá odò Elbe rìn, apá òsì lodò wà, pẹ̀lú àwọn òkè olókùúta tó dúró ṣánṣán létí rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sápá ọ̀tún á máa wo ẹ̀gbẹ́ òkè ni.

Rélùwéè òru láti Vienna ní ìjókòó lásán, bẹ́ẹ̀dì alájùmọ̀lò ẹni mẹ́fà tàbí mẹ́rin nínú yàrá kan, àti yàrá ìsùn gidi. Ẹ má gba ìjókòó lásán. Ọjọ́ Venice yín á bà jẹ́. Ẹ gba bẹ́ẹ̀dì ẹni mẹ́rin tó bá ṣì wà. Kí pásípọ́ọ̀tù, fóònù àti owó wọ inú aṣọ tí ẹ fi sùn.

Tí ọkọ̀ bá pẹ́ ńkọ́? Òfin àjọ EU ni pé tí ẹ bá pẹ́ dé ibi tí ẹ ń lọ ní wákàtí kan ó kéré tán, ìdá mẹ́rin owó tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa dá padà. Tó bá di wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀, ìdajì. Àwọn ìdí kan wà tí wọn kì í sanwó sí, bí ojú ọjọ́ tó burú kọjá àlà. Ẹ ya fọ́tò pátákó tó ń kọ ìdádúró náà. Tí ìdádúró bá sì mú kí ẹ pàdánù ọkọ̀ kejì lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan náà, ẹ lọ bá wọn ní ọ́fíìsì tẹ́ṣàn, wọ́n gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà mìíràn gbé yín débẹ̀. Tó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ rà, ẹ̀tọ́ yẹn máa ń dín kù. Fún Amsterdam sí Berlin, ẹ rà á pọ̀ gẹ́gẹ́ bíi tíkẹ́ẹ̀tì kan, kí ẹ fi ìdúró wákàtí mẹ́ta sí Cologne nígbà tí ẹ bá ń rà á.

Ẹ fẹnu kò kí ẹ tó kúrò nílé lórí ti pé ọkọ̀ gbé ẹnì kan lọ. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ á sọ̀kalẹ̀ ní ìdúró tó kàn, á jókòó sórí pèpéle yẹn, kò ní jáde, kò ní padà. Ẹni tó kù lẹ́yìn á wọ ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e lọ bá a. Tí àwọn méjèèjì bá jọ ń wá ara wọn, wọ́n á kàn máa kọjá ara wọn lójú ọ̀nà. Nítorí náà kí pásípọ́ọ̀tù, tíkẹ́ẹ̀tì àti káàdì ẹnì kọ̀ọ̀kan wà lára rẹ̀, kí ẹnì kan má gbé ti ẹnì kejì. Ẹ fi àwòrán ojú ewé pásípọ́ọ̀tù àti físà ara yín sórí fóònù ara yín. Síìmù kan tí ẹ bá rà ní Faransé máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè EU tí ẹ ń lọ. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ra tirẹ̀ ní Paris lọ́jọ́ tí ẹ bá balẹ̀, ẹ má jọ lo ẹyọ kan.

Alágbàlá Òkè-Fíà

Àfikún kan: ẹ má rò pé nítorí pé Schengen ni, kò sẹ́ni tó máa béèrè ìwé lójú ọ̀nà. Ọlọ́pàá ń wọ rélùwéè nígbà tó bá fẹ́ kọjá ààlà, pàápàá tó bá ń wọ Jámánì. Ẹ fi ìwé òtẹ́ẹ̀lì tó kàn àti ìwé ìdáàbòbò ìlera sínú àpò kan náà pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù, lórí bébà, torí fóònù lè kú. Ẹ mú káàdì ìbà pọ́njú dání pẹ̀lú. Wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ ya ojú àlejò ní ẹnubodè láti 12 Oṣù Kẹwàá 2025, nítorí náà ẹ má ṣe tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè kankan sí ọjọ́ tí ẹ bá balẹ̀ ní Paris. Ìlà ibẹ̀ lè gùn.